Mọ́tò Àgbà àti Ọ́ìlì Rẹ̀

Ọ̀ràn mọ́tò ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń bá a lọ.

Mọ́tò tiwa ti lé ní ogún ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín bí aró ní òwúrọ̀ tí a bá kọ́kọ́ tan án. Kí a tó dé Mowe, èéfín náà a ti dá. Ẹ̀rù bà wá, a sì wà á lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, níbi tí a ti ń ta mọ́tò tuntun. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì kọ ìwé lé wa lọ́wọ́ pé kí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a lè ta mọ́tò náà. A béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbó. A kúkú mọ̀ pé ó ti gbó.

A padà sí Ọ̀fàdà, a tọ mẹkáníìkì àdúgbò wa lọ. Kí ó tó fọwọ́ kan irin kankan, ó ní, “Bàbá, ọ́ìlì wo lẹ ń dà sí i?” A dáhùn pé 20W-50 ni, nítorí gbogbo ènìyàn ní ọ́ìlì kíki ni mọ́tò àgbà ń fẹ́. Ó ní kí a mú ìwé mọ́tò wá. Ojú tì wá díẹ̀, nítorí a kò ṣí ìwé náà rí.

Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ti ń ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Èyí tí ó tẹ̀lé e ń sọ bí ó ti ki tó nígbà tí ó gbóná. Láti ìgbà Peugeot 504 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, ọ́ìlì kíki ti mọ́ awakọ̀ wa lára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní tóóró. Ìwé tiwa pe 5W-30, ó sì fàyè gba 10W-40 ní ilẹ̀ tí ó gbóná. Kò dárúkọ 20W-50 rárá.

Rọ́bà kéékèèké tí ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́bàá fáàfù ni ó ti gan, tí ọ́ìlì fi ń ro sí ibi iná lóru. A pààrọ̀ wọn, a da 10W-40 sí i. Èéfín náà dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò náà ṣì ń mu ọ́ìlì díẹ̀.

A kò fi èyí kọ ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tí ń ka àrùn mọ́tò, èyí tí mẹkáníìkì wa kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí ó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá ń ra ọ́ìlì, ẹ wo ìdérí gálọ́ọ̀nù dáadáa, nítorí àwọn kan a máa sẹ́ ọ́ìlì àlòkù sínú gálọ́ọ̀nù òfìfo. Ẹ wo lẹ́tà API pẹ̀lú: SP, tí ó jáde ní 2020, kéré lọ́jọ́ orí sí SN ti 2010. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ yọ irin gééjì, ẹ nù ún, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Àkúnjù náà léwu.

Ọ́ìlì àlòkù tiwa ṣì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilé. Mẹkáníìkì yóò wá gbé e ní Sátidé. A ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe dà á sí ẹ̀bá kànga.