Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe Àyẹ̀wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí a ròyìn ọjà fún kò lè mọ ọjà bí ẹni tí ó ná an. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni ní iṣẹ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò, pàápàá jù lọ bí a ti ń kọ́ àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn ní yunifásítì, kí wọ́n tó gba oyè àkọ́kọ́. Ohun tí mo ní í sọ kò gùn. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fọwọ́ ṣe kì í ṣe ẹ̀kọ́ rárá. Bí a bá sì ń fún un ní máàkì kìkì nítorí pé èsì rẹ̀ bá ti inú ìwé mu, irọ́ pípa ni a ń kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ìgò. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa àti àwọn ọmọ wa ni a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Àwọn tí a ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni yóò kọ́ àwọn ọmọdé tí yóò di òṣìṣẹ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò lọ́la. Èdè tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà fi ń ronú kí wọ́n tó tú èrò wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Lóde òní, kí ọ̀dọ́ méjì tó ṣe ìgbéyàwó, àwọn òbí àti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn a máa béèrè jẹ́nótáìpù wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, tí yóò sì máa bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jìjàkadì. Ìwé pélébé tí yàrá ìṣàyẹ̀wò bá fún wọn ni àfẹ́sọ́nà méjèèjì yóò gbára lé. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ nípa ẹni tí ilé àyẹ̀wò kan pè ní AA, tí òmíràn sì pè ní AS? Àwọn tọkọtaya wà tí wọ́n fọkàn balẹ̀ fẹ́ ara wọn, tí ó jẹ́ pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ tí ń joró ni wọ́n ti mọ̀ pé ìwé náà kò sọ òtítọ́.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Ní 1910, oníṣègùn kan ní ìlú Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hímógílóbíìnì, èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, ni àìsàn náà fìdí sí. Wọ́n fi agbára iná mànàmáná darí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìrìn ti ẹni tí ó ní àìsàn náà yàtọ̀ sí ti ẹni tí kò ní in. Láàárín 1956 sí 1957, Vernon Ingram rí ìdí rẹ̀: valine kan ni ó gba ipò glutamic acid kan. Glutamic acid a máa gbé agbára iná négátíìfù, ṣùgbọ́n valine kì í gbé e. Nítorí náà, bí a bá fọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí a fọ́ ọ kí hímógílóbíìnì lè jáde, tí a kán an sórí bébà cellulose acetate nínú omi buffer tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.6, tí a sì tan iná sí i, A yóò ṣíwájú lọ sí ìhà pọ́sítíìfù, S yóò sì máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ti AS yóò pín sí ọ̀nà méjì.

Ó dà bí ohun tí ó rọrùn, àbí? Níbo wá ni àṣìṣe ti ń wọlé? Bí omi buffer náà bá ti bàjẹ́, ilà kò ní yà sọ́tọ̀ dáadáa. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ AA sí aláìsàn SS lára láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde bí AS. Hímógílóbíìnì kan tí a ń pè ní D a máa dúró síbi kan náà tí S ń dúró sí lórí bébà yìí, àyẹ̀wò mìíràn ni a sì fi ń yà wọ́n. Bí orúkọ ara ìgò bá ṣì, gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí a tó tan iná rárá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ọ̀ranyàn pé kí a kán ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kò mọ̀, lórí bébà kan náà, nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra. Bí ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra tí a mọ̀ sí AS bá jáde pẹ̀lú ilà kan ṣoṣo, a ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ṣeé gbà, a ó sì tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú èyí ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tí ó wá ìdí rẹ̀, tí ó sì tún un ṣe, kò ní gbàgbé ẹ̀jẹ̀ ìfiwéra láéláé. Ní ti ẹni tí ó kàn há a sórí láti inú nóòtì, ọjọ́ tí ìdánwò bá parí ni yóò gbé e sọnù.

Ẹ wá wo bí a ti ń ṣe é ní ibi púpọ̀. Olùkọ́ kan yóò dúró nídìí tábìlì, ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ yóò yí i ká. Àwọn mẹ́wàá tí ó wà níwájú yóò rí ọwọ́ rẹ̀. Ìpàkọ́ ara wọn ni àwọn yòókù yóò máa wò. Lẹ́yìn náà, kálukú yóò wá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ṣíwájú wọn lọ, wọn yóò da èsì inú rẹ̀ kọ, títí kan àṣìṣe tí àwọn yẹn ṣe. Olùkọ́ yóò gbà á, yóò fi báírò pupa sàmì sí i, gbogbo wọn yóò sì yege. Ta ni a ń tàn jẹ?

Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, tí èsì rẹ̀ sì yàtọ̀. Bí ó bá kọ ohun tí ó rí, a ó gé máàkì rẹ̀. Bí ó bá ṣe àtúnṣe sí i kí ó lè bá ti inú ìwé mu, a ó yìn ín. Ọgbọ́n wo ni a fẹ́ kí ó kó lọ sílé ìwòsàn? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ilà orí bébà kò bá hàn ketekete, yóò ṣe ohun tí a kọ́ ọ: yóò kọ ohun tí ó rò pé a fẹ́ gbọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní kò sí owó, ẹ̀rọ kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ jù. Òótọ́ ni, ìjọba kò sì gbọdọ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n iye owó wo ni a fẹ́ fi ra òtítọ́? Aago ọwọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì ka ìlù iṣan ọrùn-ọwọ́ ara wọn fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹnìkẹta tún un kà láìgbọ́ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí. Kí wọ́n gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n tún kà á. Wọn yóò rí i pé iye kì í dọ́gba, pé ẹni tí ó sáré wá sí kíláàsì kò lè bá ẹni tí ó ti jókòó tipẹ́ ṣe déédéé, àti pé ó yẹ kí a kọ bí a ti ṣe é kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Gbogbo ìpìlẹ̀ ìwádìí nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ èyí, ẹ̀rọ olówó iyebíye kò lè kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn yóò ní èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. N kò sọ pé kí a fi Yorùbá ṣe ìdánwò ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbàgbé pé àwọn ọmọ ẹ̀yà mìíràn wà láàárín wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe àti ìdí tí ó fi ń ṣe é. Bí kò bá lè sọ fún ìyá rẹ̀ ìdí tí S fi ń rọra rìn, kò tíì yé òun náà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Èkíní, kí a pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí ọwọ́ kálukú kan iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mẹ́rin péré ni a lè ṣe láàárín ọdún. Èkejì, kí a máa fún wọn ní ohun tí a ti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ láti yẹ̀ wò, kí ó má sí èsì tí wọn yóò rí dà kọ. Ẹ̀kẹta, kí a máa fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì fún àkọsílẹ̀ òtítọ́ àti àlàyé àṣìṣe, kì í ṣe fún èsì tí ó bá ti ìwé mu nìkan.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí ó bá a nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, níbi tí a ti lè tún un ṣe, kí ó má di pé ara ọmọ ọlọ́mọ ni yóò ti bá a.