Ìpáàrà àti Bóòtù Kẹ̀kẹ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n ti lò rí ní òkè-òkun, a máa tẹ táyà rẹ̀ wò, a máa wo ọ̀dà ara rẹ̀, a sì máa lu agogo rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó wo bóòtù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni bóòtù ni ó so gbogbo ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ pọ̀ di ọ̀kan: òun ni ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú ṣinṣin, òun ni ó gbé ìjókòó dúró, òun ni ó so bíréèkì mọ́ ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tí a gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé, ọjọ́ ogbó kọ́ ni ó pa wọ́n. Ìpáàrà ni ó wọ inú bóòtù wọn, wọn kò sì ṣeé tú mọ́. Àwọn ènìyàn a máa dá kẹ̀kẹ́ lẹ́bi, wọn a sì máa dá ẹni tí ó tà á lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ọrùn ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀bi náà wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ àti owó ọ̀kadà ti di ẹrù wúwo lọ́rùn àgbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Àtàn tàbí lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lè fi gbé gààrí rẹ̀ dé ọjà Òkè-Àje, kí ó má sì san owó fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí bóòtù bíréèkì bá já nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń sáré sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, tí àpò ẹrù wà lẹ́yìn, tí ọmọ ilé-ìwé sì jókòó lórí irin àárín, irin tí kò gùn tó ìka ọwọ́ lè sọ ilé kan di ilé ọ̀fọ̀.

Ohun tí ń fa ìpáàrà kò farasin. Nígbà tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé ni irin ń dógùn-ún; bí omi kò bá sí, tàbí bí afẹ́fẹ́ kò bá sí, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìpáàrà a sì máa gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀tì tí ó ti dógùn-ún fi ń fún mọ́ bóòtù rẹ̀ bí ẹni pé a jó wọn pọ̀. Ilẹ̀ òjò sì ni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, àyàfi ìsinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ara irin kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn òjò, ohun mẹ́ta mìíràn wà nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ń mú ìpáàrà yára. Èkíní ni omi kíkan tí ń ro láti inú àpò ẹ̀gẹ́ tàbí fùfú. Èkejì ni iyọ̀, pẹ̀lú omi ara ẹja oníyọ̀. Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀ òyìnbó, nítorí pé oríṣi iyọ̀ ni òun náà. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí kò sì fi omi mímọ́ ṣan ibẹ̀ kí ó sì nù ún gbẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ìpáàrà.

Oríṣi bóòtù mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Èkíní ni irin lásán, tí kò ní ìbora kankan. Òjò kan ṣoṣo tó láti sọ ọ́ di pupa. Èkejì ni irin tí a fi nǹkan bò. Bí ó bá jẹ́ síǹkì ni a fi bò ó, síǹkì náà ni yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò sì máa gba irin sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí nǹkan tilẹ̀ ha á. Bí ó bá jẹ́ kròmíọ̀mù tàbí nikẹ́ẹ̀lì ni, a máa dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lè là níbì kan, irin abẹ́ rẹ̀ a máa yára jẹ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní stainless. Ní ọdún 1913, ọdún kan náà tí a dá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School sílẹ̀, Harry Brearley ní ìlú Sheffield, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá irin tí inú ẹnu ìbọn kò ní tètè jẹ. Ó da kròmíọ̀mù pọ̀ mọ́ irin, ìdá 12.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì rí i pé irin náà kò dógùn-ún bí irin ìyókù. Kròmíọ̀mù inú rẹ̀ ni ó ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ tín-ínrín tí ojú kò lè rí. Bí nǹkan bá ha awọ náà, a tún hù fúnra rẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí wọ́n ti gbọ́ pé stainless kì í dógùn-ún, wọ́n a fẹ́ fi í sí ibi gbogbo lára kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n dídán kọ́ ni agbára. Bóòtù stainless tí a kọ A2-70 sí lórí lè fara da ìfà nǹkan bí kílò 70 lórí mílímítà onígun kan kí ó tó já. Bóòtù irin líle tí a kọ 8.8 sí lórí lè fara da nǹkan bí 80. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni pé A2-70 a máa bẹ̀rẹ̀ sí í nà nígbà tí ìfà bá tó nǹkan bí 45, ṣùgbọ́n 8.8 kì í nà títí yóò fi tó nǹkan bí 64. Nítorí náà, níbi tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́, èyíinì ni bíréèkì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìjókòó àti ibi tí à ń di ẹrù wúwo sí, bóòtù 8.8 tí a fi síǹkì bò ni ó yẹ. Ibi agogo, madigáàdì àti ìbòrí ṣéènì ni kí stainless wà. Ìjẹ̀bú-Òde jìnnà sí òkun, nítorí náà A2 tó fún un. Ẹni tí ń gbé etí òkun ni A4 tí ó wọ́n jù yẹ fún.

Kí olùrà yí orí bóòtù sí ìmọ́lẹ̀ kí ó ka àmì rẹ̀. Èyí tí kò ní àmì kankan, kí a má fi so bíréèkì. Òòfà kékeré pẹ̀lú a máa ṣèrànwọ́: kì í fi bẹ́ẹ̀ fa A2, ṣùgbọ́n a máa gbá irin tí a kàn bò mú ṣinṣin. Kí ó sì rántí pé ìwọ̀n íńṣì ni wọ́n fi gé bóòtù àwọn kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, nígbà tí ti àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun jẹ́ ìwọ̀n mílímítà. Bí nọ́ọ̀tì kò bá gba ìka ọwọ́ wọlé, kì í ṣe ẹnìkejì bóòtù náà. Sípánà kò gbọdọ̀ fipá so wọ́n pọ̀.

Bóòtù tí ó dára pẹ̀lú ń fẹ́ ìtọ́jú. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, kí a tú bóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a fi gírísì díẹ̀ pa ẹnu rẹ̀, kí a sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi òjò ní oṣù Kẹjọ. Stainless pàápàá ń fẹ́ gírísì, nítorí pé bí òun àti nọ́ọ̀tì irú rẹ̀ bá ń ha ara wọn ní gbígbẹ, wọ́n lè so mọ́ra títí láé. Bákan náà, bí ara kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ alumíníọ̀mù, gírísì ni yóò dènà kí omi iyọ̀ má ba ibi tí irin méjèèjì ti fara kanra jẹ́. Epo pupa kò lè dípò gírísì. Bí ó bá pẹ́, a máa kan, a sì máa di àlẹ̀mọ́. Bóòtù tí ó bá kọ̀ láti tú, kí a ro epo ẹ̀rọ sí i ní alẹ́, kí a padà sí i ní òwúrọ̀. Kí a má ṣe fi òòlù bá a jà. Èyí tí ìpáàrà bá ti jẹ ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ààtàn ni ilé rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ oko pọ̀, kò sí àyè fún irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ń pọ́n àdá rẹ̀ kí ó tó lọ sóko kò sọ pé àdá ń gba àkókò òun. Àwọn baba wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kẹ̀kẹ́ tí a fi bóòtù ẹdinwó so pọ̀, tí a kò sì fi gírísì kan rí, kò ní dúró de òjò ńlá. Ìrì òwúrọ̀ tó fún un. Iye bóòtù rere méjì kéré púpọ̀ sí iye tí a fi ń to egungun tí ó ṣẹ́. Ó yẹ kí baba tí ó ní ọmọ nílé pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù Kẹta, kí ó fi sípánà lé e lọ́wọ́, kí ó sì kọ́ ọ bí a ti ń tú bóòtù àti bí a ti ń dì í. Nítorí pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà ni yóò gbé ọmọ náà dúró nígbà tí baba rẹ̀ kò sí lẹ́bàá rẹ̀.