Ẹ Má Fi Ilé Dẹ́rù Ba Ọmọ

Bí oṣù keje bá ti ń parí lọ, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹni tí yóò gba Rye Lane kọjá ní Peckham níhìn-ín tí kò ní mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ń lọ sí ilé. Àpótí ńláńlá a kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ìyá a máa ra bàtà fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọn kò rí rí, àwọn bàbá a sì máa ṣírò iye kílò tí ọkọ̀ òfurufú yóò gbà. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe kì í jẹ́ kí inú mi dùn tán, nítorí pé ọ̀kan ni mo jẹ́ nínú àwọn tí ẹ ń pè ní sóṣíà, àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá.

Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀rù ilé ń ba púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe ẹ̀fọn ni ó ń bà wọ́n lẹ́rù, kì í sì í ṣe iná tí ń kú. Àwa gan-an ni. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún ni a ti ń sọ fún un pé, "Bí o bá tún dán an wò, Nàìjíríà ni n ó mú ọ lọ, ibẹ̀ ni n ó sì fi ọ́ sí." Bí ó bá fọ́ àwo, Nàìjíríà. Bí olùkọ́ bá kọ lẹ́tà sí wa, Nàìjíríà. Bí adájọ́ ti ń dárúkọ ẹ̀wọ̀n fún ọ̀daràn ni a ń dárúkọ ìlú baba ọmọ fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi, tí a ó sì máa retí pé kí ó jó ijó ayọ̀.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12 nígbà náà, fà mí ní aṣọ, ó ní, "Mọ́mì, ṣé tèmi náà ní ìpadà?" N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń bi mí. Tíkẹ́ẹ̀tì ni ó ń bi mí. Ó ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Èmi tí mo ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, tí mo ń bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù, n kò mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú ilé mi.

Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Ní ọdún 2024, àwọn òbí kan ní Lọ́ńdọ̀nù mú ọmọkùnrin wọn lọ sí Gánà. Wọ́n ní ará ilé kan ń ṣàìsàn tí àwọn fẹ́ lọ bẹ̀ wò, ilé ẹ̀kọ́ onílé-gbígbé ni wọ́n sì fi í sí. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ burúkú ni ó ń bà wọ́n. Ọmọ náà wá agbẹjọ́rò, ó pe àwọn òbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2025, adájọ́ gbè sẹ́yìn àwọn òbí; ní oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. N kò bú àwọn òbí náà. Ẹni tí ó bá rántí oṣù kọkànlá ọdún 2000 ní Peckham, nígbà tí wọ́n pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ó ti Nàìjíríà dé, kò ní fi ẹ̀rù òbí ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá fi ẹ̀tàn gbé wọ ọkọ̀, ìgbà wo ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa gbọ́?

Bí a ti ń lo ìsinmi náà pàápàá kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a lò ní Ìkẹjà. Òde mẹ́rin ni a lọ, aṣọ ẹbí mẹ́rin ni a rán. Inú yàrá ni àwọn ọmọ wà, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dí wọn létí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ọmọ mi ọkùnrin kọ ọ́ pé ilé kan tí odi rẹ̀ ga ni Nàìjíríà. Ìtìjú mú mi, nítorí pé kò purọ́.

Nígbà kejì ni a pín in sí méjì. A lo ọ̀sẹ̀ kan ní Èkó: a gba orí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní 1990, àwọn ọmọ rí àwọn ilé orí omi ní Mákòókò, wọ́n sì mọ ohun tí à ń pè ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lẹ́yìn náà ni a gba awakọ̀ tí ó mọ ọ̀nà, a sì dojú kọ òkè. A sun Ìbàdàn. Láti Ìbàdàn, a kọjá ní Aṣèjíire, níbi tí wọ́n ti sé odò tí Ìbàdàn ń mu, a sì yà ní Ìkirè ra dòdò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ní Ìkirè. Dòdò ibẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí à ń dín ní Peckham. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà ni, wọ́n á fi ata sí i, wọ́n á sì dín in títí yóò fi dúdú. Ìyá tí ó ń tà á bi ọmọ mi ní orúkọ. Ọmọ náà dárúkọ àgékù tí wọ́n ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá náà ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Orúkọ rẹ!" Ó wá pe gbogbo rẹ̀. Ìyá náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó pè é bí ó ti yẹ kí a pè é, ó sì bèèrè oríkì rẹ̀. Ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sọ ọ́, ìyá yìí sì fi oríkì náà kí i bí ẹni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí ó ti ń retí rẹ̀. Títí a fi dé Gbọ̀ngán ni mo ń gbọ́ ọ ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ó ń pe oríkì ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọdún 12 ni mo fi jẹ ẹ́ ní gbèsè yẹn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, a rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, a sì sọ fún wọn nípa àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ọ̀kan nínú wọn dé British Museum ní 1939. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé ibẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní Òṣogbo, a wọ igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Oṣù kẹjọ ni ọdún rẹ̀ ń bọ́ sí, àárín ọlidé wa gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ilé òrìṣà ni. Ẹ̀yin kan náà ni ẹ ń sanwó wọ Westminster Abbey láti wo ibojì àwọn ọba ọlọ́ba. Létí odò náà ni ọmọkùnrin mi ti tú àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì rí i fúnra rẹ̀ pé odò yìí ni a rí ní Aṣèjíire, òun náà ni ó sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà ní apá Lẹ́kí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí ó rí owó he.

N kò sọ pé ọ̀nà kò léwu. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, nítorí náà ẹ jí lọ ní òwúrọ̀, ẹ má rìn ní òru, ẹ sì bi àwọn ará ilé bí ọ̀nà ti rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ọkọ̀ ojú irin náà ti ń gbé èrò láti Èkó dé Ìbàdàn láti ọdún 2021. Ẹ fún àwọn ọmọ ní oògùn ibà kí ẹ tó lọ. Àwọn tí ó lọ kí ẹbí ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń gbé ibà bọ̀ wá sí ilẹ̀ yìí, nítorí pé a rò pé ara wa ṣì mọ̀ ọ́n. Ara ọmọ tí a bí ní ìtòsí Peckham kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ má sì jí ọmọ gbé lọ kí ilé ẹ̀kọ́ tó tì: láti 2024, £80 ni owó ìtanràn òbí kan lórí ọmọ kan, bí ẹ bá tètè san án.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ fẹ́ kí ọmọ lọ kàwé ní ilé, ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ní Peckham níhìn-ín, kí bàbá àti ìyá jọ wà níbẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí yóò sọ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọlidé ni, ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí ọjọ́ ìpadà fún un. Ti ọdún yìí ti wà lára fíríjì wa láti oṣù karùn-ún.