Ewé Ló Jẹ́ Ni, Àbí Ajá Náà Kò Lárùn?

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ajá ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń tiro wọ kíláàsì. Wọ́n fi àkísà di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a tú u, ewé gígún tí wọ́n pò mọ́ ata àti epo pupa ni a bá lójú ọgbẹ́. Ajá aládùúgbò wọn ló bù ú jẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ìyá àgbà ti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kò séwu mọ́." Omi àti ọṣẹ ni a kọ́kọ́ wá. A fọ ojú ọgbẹ́ náà pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, a mú ọmọ lọ bá ìyá àgbà nílé, a dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀ wọ́n, gbogbo wa sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un. Wọ́n sì ní kí a so ajá náà mọ́lẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10.

Ọjọ́ 10 pé. Ajá ń jẹun, ajá ń gbó, kò sí ohun tó ṣe é. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sí wa, wọ́n ní, "Ṣé o rí i báyìí, ọmọ mi? Ewé mi jẹ́." A kò bá wọn jiyàn. Àgbà ni wọ́n, ìfẹ́ ọmọ ni wọ́n sì fi já ewé náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń ronú sí gbólóhùn yẹn, nítorí ó lè pa ọmọ mìíràn lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àrùn dìgbòlugi, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní la rage, inú itọ́ ajá ló wà, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọ ara ènìyàn. Ajá tí àrùn náà bá ti dé inú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ni jẹ kì í pẹ́ kí ó tó ṣàìsàn, kí ó sì kú. Bí ó bá pé ọjọ́ 10 tí ara rẹ̀ ṣì le, a mọ̀ pé kò sí àrùn nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ewé ìyá àgbà kò rí nǹkan kan bá jà. Kí a má purọ́, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn pàápàá kò rí nǹkan kan bá jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé yẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀.

Báyìí ni ewé ṣe ń gba orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ajá tó ń bu ènìyàn jẹ ni kò ní àrùn dìgbòlugi. Bí ajá 10 tí ara wọn le bá bu ọmọ 10 jẹ, tí a sì fi ewé sí gbogbo ọgbẹ́ náà, gbogbo àwọn ọmọ náà ni yóò yè, ewé yóò sì gba ìyìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọmọ kọkànlá ni ajá dìgbòlugi bù jẹ. Ọgbẹ́ tirẹ̀ náà yóò jinná, nítorí pé ọgbẹ́ kọ́ ni àrùn. Oṣù 2 tàbí 3 lè kọjá kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi. Nígbà náà, ta ni yóò rántí ajá? Wọn a ní ayé ló ṣe é. Ewé gba ọpẹ́ níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan. Níbi tí kò ti jẹ́, kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi.

A kò sọ èyí láti tàbùkù ewé, nítorí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti mọ ìtọ́jú ajá kí ilé ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ eégbọn. Ọdẹ tó mòye kì í jẹ́ kí ajá rẹ̀ sùn lẹ́yìn ìgbẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò: inú etí, abẹ́ ọrùn, abẹ́ apá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ó bá rí eégbọn, yóò dì í mú níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, yóò fà á yọ láìlọ́ ọ, kò sì ní fi ọwọ́ lásán tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ewé dóńgóyárò náà wà, èyí tí Faransé ń pè ní margousier. A ó sè é, a ó jẹ́ kí omi rẹ̀ tutù, a ó fi wẹ ajá, ṣùgbọ́n a kò ní fún un mu. Ó ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò, bí kò tilẹ̀ lè pa gbogbo wọn.

Ìwẹ̀ nìkan kò sì tó. Abo eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó a máa já bọ́ sílẹ̀, a sì máa yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ihò ògiri. Ẹni tó wẹ ajá, tí kò gbá ibùsùn rẹ̀, tí kò dí ihò ògiri, iṣẹ́ àṣetúnṣe ló ń ṣe. Ẹ má fojú kékeré wo eégbọn, nítorí ó ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Bí ẹ bá rí i pé ajá kò jẹun mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, iṣẹ́ ti kọjá ewé nìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló kù.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí a bá fi omi dóńgóyárò wẹ ajá lónìí, a lè ka eégbọn ara rẹ̀ lọ́túnla. Wọ́n dín kù tàbí wọn kò dín kù. Ojú ara wa ni ẹlẹ́rìí. Níbi tí ojú bá ti lè jẹ́rìí, ẹ jẹ́ kí ewé ṣiṣẹ́ rẹ̀. Níbi tí ojú kò bá ti lè rí i, àfi kí a wá ẹ̀rí mìíràn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó ti inú oko wá ni kò léwu fún ajá. Ewé tábà tí àwọn kan fi ń pa eégbọn ní oró nínú. Ajá yóò sì fi ahọ́n lá ara rẹ̀. Àlùbọ́sà àti aáyù tó wà nínú ọbẹ̀ wa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Epo ọkọ̀ àlòkù àti epo kẹrosíìnì tí wọ́n ń pa sí ara ajá a máa bó o lára, wọ́n sì ń pa á láti inú. Ẹ má sì fún ajá ní paracétamol tó wà nínú àpótí oògùn ilé.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sórí ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, wọ́n mú ọmọ ọdún 9 kan, Joseph Meister, láti Alsace wá sọ́dọ̀ Louis Pasteur ní Paris. Ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ lọ́pọ̀ ibi. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ 13, ó sì yè. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ìyá àgbà ni àwọn kan nínú àwọn oníṣègùn Faransé bi Pasteur: ṣé abẹ́rẹ́ ló jẹ́, àbí ọmọ náà kò lárùn? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ọmọ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Pasteur ti kọ́kọ́ dán an wò lára ajá. Wọ́n fún àwọn kan ní abẹ́rẹ́, wọn kò fún àwọn yòókù, wọ́n sì fi àrùn náà kan gbogbo wọn. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yè, àwọn tí kò gbà á ń kú. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹta ọdún 1886, ènìyàn 350 ti gba ìtọ́jú náà lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ló kú nínú wọn. Kò tíì sí ewé kan tí ó la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ já lórí àrùn dìgbòlugi. Bí àmì àrùn náà bá sì ti hàn lára ènìyàn, ilé ìwòsàn pàápàá kò ní oògùn rẹ̀. Ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) fojú bù ú pé nǹkan bí 59 000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún kan, ní Áfíríkà àti Éṣíà jù lọ. Ajá ló ń fà á ní 99 nínú 100. Nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Àwọn tó ń jókòó níwájú wa ní kíláàsì nìyẹn.

Nítorí náà, bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí bí ó bá lá ojú egbò rẹ̀, ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má ṣe fi ata sí i, ẹ má ṣe fi epo sí i, ẹ má ṣe fi ewé dí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró wo ajá ná, kí ẹ sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kà fún yín tán. Bí ajá náà bá ṣeé so, ẹ so ó, ẹ má yára pa á, nítorí ọjọ́ 10 rẹ̀ yóò sọ òótọ́. Ní ti ajá yín, bí ó bá ti pé oṣù 3, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà ẹranko bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ajá 70 nínú 100 ní ìlú kan bá ti gbà á, àrùn náà kì í sábà rí ọ̀nà tàn mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ délé lónìí, kí ẹ béèrè pé níbo ni ìwé àjẹsára ajá wa wà. Bí wọ́n bá dáhùn pé dóńgóyárò ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tún béèrè ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ará Kétu mọ Àkàbà Ìdènà. Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, wọ́n mọ odi, wọ́n sì fi àkàbà náà ṣọ́ ẹnubodè. Ìgbà tí ọ̀tá ṣì wà lọ́nà jíjìn ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ogun bá ti wọ ìlú tán, ilẹ̀kùn kò wúlò mọ́.