Ẹrù Ni Ìyà, Kì í Ṣe Ìrìn: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọdé Fẹsẹ̀ Mọ Oko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìran ìsinsìnyí ni òwe náà ń bá wí. Ní Àkúrẹ́, láti Ìjàpọ̀ dé Alágbàká, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà padà sílé. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, iwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí ìdí fóònù ìyá wọn ni wọn yóò jókòó sí. Oko kòkó wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà, kò jìnnà sí ìgboro, síbẹ̀ ọmọ tó ń mu Milo láràárọ̀ kò mọ̀ pé ara igi gan-an ni èso kòkó ti ń yọ, kì í ṣe ṣóńṣó ẹ̀ka. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìlú Oǹdó, tí oko yí ká.

Ní ilẹ̀ Òyìnbó, bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, ọ̀pọ̀ òbí a máa kó àwọn ọmọ wọn kéékèèké lọ rìn nínú pápá àti igbó. Àkókò tó bá èyí mu ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ìgbà náà ni eruku ọyẹ́ máa ń fọ̀ kúrò lára ewé, tí èsúnsún ń jáde wá yí iná ká lálẹ́, tí àwọn àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo, tí ìgbín ń jáde, tí olú sì ń hù. Ẹni tó bá mú ọmọdé jáde láàárín àsìkò yìí kò nílò ohun ìṣeré kankan, nítorí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó ìran wò.

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀nà oko jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá-àgbà rẹ̀ láti Oǹdó lọ sí abà kì í dé oko kó má tíì gbọ́ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé. Ojú ọ̀nà ló ti ń rí patanmọ́ tó ń ká ewé rẹ̀ pọ̀ bí ọwọ́ bá kàn án, ojú ọ̀nà ló ti ń kọ́ ìyàtọ̀ láàárín ìrókò àti àràbà. Ibẹ̀ náà ló ti ń gbọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ ṣán oko yẹn, ẹni tó gbin obì tó wà ní ààlà. Kò sí ẹni tó pè é ní ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni.

Àmọ́ ìrìn ìgbà náà ní ìyà nínú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dídùn ìrántí bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ru igi ìdáná, wọ́n ru omi, wọ́n ru kòkó. Àwọn mìíràn pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ nítorí iṣẹ́ oko. Ẹni tó ti ru igi láti oko dé ilé nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè má rí ìgbádùn kankan nínú kí ọmọ tirẹ̀ fẹsẹ̀ rìn. Lójú rẹ̀, ọkọ̀ ni ẹ̀rí pé ìṣẹ́ ti tán nínú ìdílé. Kò sí ẹni tó lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ẹrù ni ìyà náà, kì í ṣe ìrìn. Nígbà tí àwọn òbí sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n sọ ìrìn náà nù pẹ̀lú rẹ̀.

Ara àwọn ọmọ sì ń jìyà àdánù yìí. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ pé ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa lo ó kéré tán 180 ìṣẹ́jú lóòjọ́ ní fífi ara ṣiṣẹ́, kí ó má sì lò ju wákàtí kan lọ nídìí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Ní ìlú Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn onímọ̀ fi 40 ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń lò níta lójoojúmọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30 nínú 100 lára wọn ni ojú wọn kò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Láàárín àwọn tí wọn kò fi kún àkókò tiwọn, wọ́n tó nǹkan bí 40 nínú 100. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lásán ni oògùn náà, kò sì sí ẹni tó ń tà á.

Ibi tí wọ́n lè rìn dé kò sì wọ́n. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni wọ́n ń gùn dé orí Òkè Ìdànrè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá rí ààfin àtijọ́ lókè náà yóò mọ̀ pé àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ti sáré lórí àpáta yẹn rí. Nítòsí Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ni Ihò Eléérú wà, níbi tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wú egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún lọ́dún 1965. Òkè-Igbó, níbi tí wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí lọ́dún 1903, kò sì jìnnà sí ìlú Oǹdó. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ fún ọmọ, kí ó mú un lọ wo ilẹ̀ tó bí i.

Ẹ̀rù tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn gbé ní Ẹ̀mùré-Èkìtì, inú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ti jí wọn. Òbí tó bá ń ṣọ́ra lẹ́yìn èyí kì í ṣe ojo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mú ọmọ wọ igbó tí kò mọ̀. Kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lọ, kí wọ́n gba oko ẹni tí wọ́n mọ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ará abà bí ọ̀nà ṣe rí, kí wọ́n sì padà kí oòrùn tó mú. Ojúṣe ìjọba náà wà níbẹ̀. Bí Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2020, bá lè ṣọ́ àwọn oko, ó yẹ kó lè ṣọ́ ọ̀nà kan tàbí méjì tí àwọn ọmọdé lè gbà láràárọ̀ Sátidé.

Ìrìn náà kò gba owó. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, omi mímu àti oúnjẹ díẹ̀ ti tó. Kí wọ́n kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ ihò, kò sì gbọdọ̀ jẹ èso tí àgbà kò tíì mọ̀. Ohun tó ṣòro jù ni sùúrù. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè lo ogún ìṣẹ́jú nídìí ìjàlọ tó tò lọ. Kí bàbá má fà á lọ́wọ́. Ìdí ìjàlọ yẹn gan-an ni wọ́n bá jáde. Bí òbí kò bá mọ orúkọ igi kan, kí ó bi àgbẹ̀ léèrè lójú ọmọ náà, kí ọmọ rí i pé àgbà pẹ̀lú ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ìgbafẹ́ lọ. Lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ní agbègbè Àpọnmú, igbó kan wà tí ìjọba pa mọ́. Ọ̀pọ̀ igi ńlá inú rẹ̀ ni wọ́n ti gé, oko kòkó sì ti jẹ wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọmọ òní ni yóò jókòó sí ipò tí wọ́n ti ń pinnu bóyá kí wọ́n dá ìyókù sí tàbí kí wọ́n tà á. Ẹni tó jẹ́ pé pákó nìkan ló mọ ìrókò sí, iye owó pákó ni yóò bi wọ́n. Ẹni tó ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ rí ní ọmọ ọdún márùn-ún, tí ìyá rẹ̀ sì sọ orúkọ rẹ̀ fún un, yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í pẹ́ tó fi ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìgbà èwe.