Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Àwọn Ọ̀gá Iṣẹ́ Kéékèèké ní Goro: Ẹ Má Ṣe Gba Ọmọ Tí Wọ́n Ti Gba Owó Lé Lórí

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oúnjẹ, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo inú ìgò lẹ́bàá títì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé fi dọ̀la. Ìgbà tí owó kajú bá ti tán lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí iṣu tuntun kò tíì kárí, tí àwọn ọmọ sì wà nílé fún ìsinmi, ìgbà náà ló rọrùn jù fún àwọn tó ń kó ọmọ kiri láti rí ọmọ kó.

Wọn kì í wá bí olè. Obìnrin tí ẹ mọ̀ rí ni, tàbí ọkùnrin tó ń pe ìyá yín ní àǹtí. Yóò fa ọmọ ọdún méjìlá kan lọ́wọ́, yóò ní ojú ń pọ́n ìyá rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa bá yín fọ abọ́, kó máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Yóò ní ẹ kò ní san owó oṣù. Kí ẹ ṣá ka owó díẹ̀ sí òun lọ́wọ́ báyìí kí òun gbé e fún ìyá ọmọ, ó di òpin ọdún kí ẹ tó san ìyókù. Lójú yín, àánú ni ẹ ṣe. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ kà yẹn ti di gbèsè lọ́rùn ọmọ tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé, ẹ ó ní kó kọ́kọ́ dá owó yín padà. Abọ́ tó bá fọ́, ẹ ó kà á mọ́ ọn. Ọbẹ̀ tó bá jóná, ẹ ó kà á mọ́ ọn. Ọdún á yí po, gbèsè náà á sì máa ga sí i.

Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ìwọ̀fà ni. Ẹni tó jẹ gbèsè a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà, èlé lásán ni iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, owó tí wọ́n yá kò sì ní dín, ìbáà ṣe ọdún mẹ́wàá ló fi sìn. Síbẹ̀, ìwọ̀fà àtijọ́ ní ààlà. Àgbàlagbà tó bá sọfà a máa gbé inú ilé ara rẹ̀, a sì ní àsìkò tó fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ọmọ tó ń sùn nílẹ̀ ilé ìdáná yín kò ní wákàtí kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a ń ṣe lónìí burú ju èyí tí a ní a ti pa tì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àsọdùn ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno padà sí èbúté Kútọnu pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e padà ní Gabon, tí gbogbo ayé sì ń wá a kiri. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa tó lé ní ọgọ́rùn-ún kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ Tógò tí wọ́n kó gba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yìí kọjá lọ sóko ní Nàìjíríà. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún oṣù gbọọrọ, àwọn mìíràn tó ọdún méjì, ìgbà tí iṣẹ́ parí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n máa gùn ún lọ sílé. Inú máa ń bí mi nígbàkigbà tí mo bá rántí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ohun ńlá nìyẹn, ẹ ó ní ó jìnnà sí Goro. Kò jìnnà. Àgbàlá ilé ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ àti ẹni tí a mọ̀. ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣírò pé ní 2021, èèyàn bíi mílíọ̀nù 28 ló wà nínú iṣẹ́ ipá káàkiri ayé, àwọn ọmọdé tó wà nínú wọn sì lé ní mílíọ̀nù 3. Ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ipá yìí ló jẹ́ ti aládàáni, kì í ṣe ti ìjọba.

Àwọn kan yóò dáhùn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn ni, pé àṣà wa ni kí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Àṣà rere ni, èmi náà kò sì sọ pé kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: ṣé ó ń lọ sílé ìwé bí ọmọ tí ẹ bí? Ṣé ìkòkò kan náà lẹ ti ń jẹun? Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, ṣé ẹ lè jáde síta kí àwọn méjèèjì dá sọ̀rọ̀?

Òfin ilẹ̀ wa ti dá sí i tipẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2006, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ síbòmíràn, kódà láàárín Bẹ̀nẹ̀, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ìlú tí ọmọ náà ń gbé. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 ló wà fún ẹni tó bá ń ṣòwò ọmọ. Ìwé òfin ọ̀daràn ti 2018 dáàbò bo àwọn àgbàlagbà pẹ̀lú, nítorí náà ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti Tógò tàbí Nàìjíríà láti máa gbé ọtí fún oníbàárà, tí ẹ gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ pa mọ́ kó má baà lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin àti rẹ̀ nìkan mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú ọmọ wá, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, kí ẹ sì pè é níṣojú ẹni tó mú un wá. Ọmọ tí kò tó ọdún 14, òfin iṣẹ́ kò gbà kí ẹ fi ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ fún alágbàtà, iye yòówù kó jẹ́. Ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni owó iṣẹ́ ń lọ. Tí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí òbí rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá, kí ẹ kọ iye ọdún sílẹ̀, kí ẹ kọ owó ayẹyẹ òmìnira rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí òbí mú ẹ̀dà kan lọ. Ọ̀gá tó ń fi ọdún kún ọdún nítorí pé ọmọ kò rí owó ayẹyẹ san ti sọ ọmọ iṣẹ́ di ìwọ̀fà.

Bí ẹni tó mú ọmọ wá kò bá ní ìwé, ẹ má kàn lé e lọ, nítorí ṣọ́ọ̀bù kejì ni yóò yà sí. Ẹ má bá a jà níwájú ọmọ, kó má baà gbé e sá lóru. Ẹ wo nọ́ńbà alùpùpù rẹ̀, ẹ wo ibi tó kọrí sí, kí ẹ sì pe 138, tí í ṣe ìlà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọdé, tí a kì í sanwó láti pè. Ẹ lè lọ sí ọ́fíìsì ìdáàbòbò aráàlú tí wọ́n ń pè ní GUPS ní Tchaourou, tàbí kí ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ má gbé àwòrán ọmọ náà sórí WhatsApp. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà báyìí, ẹ fún un ní fóònù kó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ fagi lé gbèsè yẹn, kí ẹ pe 138 náà.