Ohun Tó Wà Nínú Àpò Ṣòkòtò

Ohun tá a ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa Yorùbá tá a ń gbé Sókótó gan-an ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n lóṣù Kẹrin tó kọjá, ó bá mi mu wẹ́kú: ẹ̀rọ orin mi ló wà nínú àpò ṣòkòtò, gíláàsì iwájú rẹ̀ ń gbé sókè bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú.

Ooru ìlú yìí kì í ṣeré. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, ọ̀sán máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ bátìrì líthíọ́ọ̀mù, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé wọ ọjà ní 1991, kì í fẹ́ kí wọ́n ṣáàjì òun bí ara òun bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 45. Ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ẹ ti gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ká ní irú ẹ̀rọ oníke kékeré tí àwọn máígádì ń fi gbọ́ wáàsí ni, tó ń gba mẹ́mórì káàdì, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ bátìrì BL-5C tó jẹ́ ti fóònù Nokia tẹ́lẹ̀, ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe é. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, bátìrì rẹ̀ jẹ́ àpò fàdákà pẹlẹbẹ, wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù.

Àbúrò kan láàdúgbò wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe é fúnra yín." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orin Barrister tí mo kó jọ láti ayé kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tí kò mọ iyì wọn lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níbi tó ti ń dán an wò. Àbúrò náà tún ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ló mọ̀ọ́mọ̀ tì í pa, ká lè ra tuntun. Àríwísí yìí kì í ṣe tòní. iPod tí Apple gbé jáde ní 2001 kò ní ojú ibi tá a lè gbà yọ bátìrì rẹ̀. Ní 2003, Casey Neistat àti Van ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe fíìmù kúkurú kan níbi tí wọ́n ti ń kọ ìkìlọ̀ sára ìpolówó iPod ní New York, pé oṣù 18 péré ni bátìrì náà ń lò. Ní 2023, Yúróòpù ṣòfin pé láti oṣù Kejì 2027, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbéká gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹni tó rà á lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin Yúróòpù ò dé Sókótó, àmọ́ ohun tí wọ́n lò níbẹ̀ ló ń di tòkunbọ̀ lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí mo sọ ohun tí àbúrò yìí wí fún Mallam tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà, kò bá a jiyàn. Ó kàn fi ibi dúdú kan hàn mí lórí tábìlì rẹ̀. "Alàájì," ló ń pè mí (mi ò tíì rí Mẹ́kà rí), "ọ̀bẹ ló fa èyí." Ẹnìkan ti fi ọ̀bẹ ìdáná gbìyànjú láti hú bátìrì tó wú kó tó gbé e wá, ọ̀bẹ ti wọnú àpò náà, ó sì gbiná lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì fi sísọ́ọ̀sì gé wáyà pupa àti dúdú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná inú bátìrì á pàdé lẹ́nu sísọ́ọ̀sì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé e. Àwọn bátìrì kan tún ní wáyà kẹta tó ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Bí ẹ ò bá so ó padà, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti gba iná. Ta ni yóò rántí gbogbo èyí nígbà àkọ́kọ́?

Ohun tí àwọn méjèèjì ò mẹ́nu bà ló ń kọ mí lóminú jù: níbo ni bátìrì tuntun ti ń wá? Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni Mallam ti ń rà á, ibẹ̀ náà lèmi ì bá lọ. Mo rí BL-5C tí wọ́n kọ 3000 mAh sí lára níbẹ̀, nígbà tí ojúlówó rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 1000 lọ. Irọ́ tó tóbi ju ara bátìrì lọ! Ojúlówó gan-an máa ń ṣìnà: ní 2007, Nokia kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà pé mílíọ̀nù 46 BL-5C tí Matsushita ṣe lè gbóná jù, ó sì ní òun máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nítorí náà, mo ra bátìrì fúnra mi lọ́wọ́ ẹni tó gbà láti gbà á padà bí kò bá dára, mo gbé e fún Mallam, mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì í títí ó fi jó lẹ́ẹ̀dì tán. Àbúrò Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀rù ló bà mí. Ó sì bà mí lóòótọ́.

Èyí tó wú náà, Mallam fẹ́ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Mo gbà á, mo rì í sínú agolo mílíìkì tó kún fún yanrìn, mo gbé e sẹ́yìnkùlé níbi tí ibòji wà. Èmi náà ló fa ohun tó tẹ̀lé e: mo ti sọ fún ọmọ mi pé láyé àtijọ́, òkúta tọ́ọ̀ṣì tó bá kú, oòrùn la máa ń sá a sí kó lè jí díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo bá a níwájú ilé, ó ti hú bátìrì náà jáde, ó ń wá ibi tí oòrùn ti mú jù.